Orí Òkè Tó Pá

Wọ́n ní kò sí aṣálẹ̀ ní Bìrìtéènì.
Wọn ò tíì dé Amlwch nìyẹn,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá
tí koríko sì kọ̀, tí kò hù.
Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
níbòmíràn ó pọ́n bí ẹyin adìẹ tó ń jàgbàdo,
lábẹ́ ògiri ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò aró.
Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
ta ló bá ọ yarun níbí tí kò mọ ìgbà tí à á dáwọ́ dúró?
Orí pá tán, ọkọ́ ò kúrò lórí.

Bàbá Idwal ni mò ń tọ́jú lóru,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, ẹnu wọn ló ń gun òkè.
Lóru ọjọ́ kan wọ́n na òrùka ọwọ́ wọn sí mi,
wọ́n ní kí la ń pè é nílé wa.
Mo ní: bàbà.
Wọ́n ní: bàbá.
Mo ní rárá o, bàbá lẹni tó bíni,
bàbà lohun tí ẹ wà nínú òkè yín.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu wọn.
Wọ́n ní ní Amlwch, kò síyàtọ̀:
èyí tó wà nínú òkè ló bọ́ èyí tó wà nílé.

Ìyá tó bí ìyá ìyá wọn, Catrin,
inú ahéré onípákó ló ń jókòó sí, òun àtàwọn obìnrin mìíràn,
ìbọ̀wọ́ irin lọ́wọ́ òsì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún,
wọ́n ń fọ́ òkúta bí ẹni ń pa èkùrọ́.
Èkùrọ́ tí kò lọ́mọ nínú.
Ó di ọjọ́ kan, àwọn ọ̀gá ká ìwé ìṣirò, wọ́n wọkọ̀.
Apá ilé afẹ́fẹ́ tó ń fa omi já lulẹ̀,
kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé, Lowri ọmọ ọmọ wọn dé mi ní akoto,
ó wọ̀ mí ní bàtà òjò tó fi ìka méjì jù mí lọ.
Àkàsọ̀ irin. Mo kà á dé ogójì, mo ṣì í kà.
Omi ìsàlẹ̀ pupa, ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ,
Lowri ní tó bá ta sí mi láṣọ, aṣọ á lu.
Nǹkan kan ń yọ̀ láti òkè àjà
bí ikun imú ọmọ tí òtútù mú.
Lára ògiri, amọ̀ ṣì di ìdí àbẹ́là kan mú,
àmì àtàǹpàkò wà lára amọ̀ náà.
Mo gbé tèmi lé e.
Ó kéré sí tèmi.
Ọmọdé ni.

A tún rìn síwájú, a bá òkúta róbótó nílẹ̀,
etí òkun ni wọ́n ti ṣà á,
wọ́n fi lu òkè kí irin tó dáyé.
Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti hán.

Ibẹ̀ ni Lowri ti sọ ọ́, kò wojú mi:
ó kà á pé wọ́n mú nínú bàbà yìí rọ ẹ̀gbà ọwọ́,
wọ́n dì í sí àgbá, ọkọ̀ gbé e dé etíkun wa,
ọkọ̀ kan náà ló kó èèyàn.
Mo ní: ẹ̀gbà mélòó lèèyàn kan?
Omi kán. Omi tún kán.
Mo wo ọrùn ọwọ́ mi nínú iná akoto,
kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju aago iṣẹ́ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fọ bàtà nínú báńsìnì ilé ìtọ́jú,
mo fọṣẹ, mo fi kàn-ìn-kàn, pupa ò lọ.
Mátírọ́ọ̀nù ní ta ló ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.
Mo ní ilẹ̀ ni.
Bàbá ò tíì sùn. Wọ́n ní ṣé mo rí,
wọ́n wá ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ara wọn,
ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi pè é lẹ́ẹ̀kan,
wọ́n tún gbé e sókè.
N ò mọ èyí tí wọ́n ń bi mí.
Mo ní mo rí i. Ẹ sùn.