Ẹ Bi Òkun

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Breixo ti ibi iṣẹ́ dé,
gíríìsì ẹ̀rọ agbéniròkè ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.
Ó ní, "Dìde, kó aṣọ méjì, a ń lọ sí erékùṣù."
Mo ní, "Erékùṣù wo?" Ó ní, "Èyí tí à ń wò láti òkè."
Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń wò ó láti òkè,
bí aláìlówó ṣe ń wo ẹran lójú fèrèsé alápatà.

A yá àgọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.
A ra búrẹ́dì, a ra wàràkàṣì, a ra wáìnì olówó pọ́ọ́kú.
Mo pe dókítà eléyín tí mò ń bá ṣiṣẹ́,
mo ní inú ń run mí.
Irọ́ náà dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ.

Nígbà tí a fi máa dé èbúté Cangas, òkun ti di ẹlòmíràn.
Afẹ́fẹ́ ń fa etí aṣọ wa bí ọmọ tí ebi ń pa.
Òjò kò ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló gbà wọlé.
Erékùṣù tí à bá lọ, kùrukùru ti gbé e mì,
kò tu egungun kankan sílẹ̀.
Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Ọkọ̀ ò lọ lónìí."
Ọ̀la ńkọ́?
"Ẹ bi òkun."

Breixo ń bínú sí òjò bí ẹni pé òjò jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Ó ní a ó pa àgọ́ sétí òkun níbí. A pa á.
Òpó kan kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ká a kúrò lórí wa lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo rí ọkọ mi tó ń sáré tẹ̀ lé àgọ́ nínú iyanrìn tútù,
sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́,
mo rẹ́rìn-ín títí omi òjò fi kún ẹnu mi.
Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ó tó wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ilé ìfọṣọ nìkan ló ṣí ní gbogbo àdúgbò náà:
ẹ̀rọ mẹ́rin, àga gígùn kan, iná funfun tó ń ṣẹ́jú.
A bọ́ gbogbo ohun tó tutù, a jù wọ́n sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ.
Èmi wọ jákẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọkọ̀,
òun ró táwẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ya ẹja sí,
a jókòó, à ń wo aṣọ wa bó ṣe ń yí:
ṣòkòtò rẹ̀ ń ré kọjá, apá ẹ̀wù mi ń dì mọ́ ọn,
wọ́n ń já, wọ́n tún ń so.
Kọ́ìnì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ná kọ́ìnì mẹ́fà.

Ìyá àgbà kan wọlé, Dorinda lórúkọ rẹ̀,
ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tó tóbi bí ìgbòkun.
Kò kí wa tán tó fi ní, "Ẹ dìde, ẹ gbá etí rẹ̀ mú.
Láti ìgbà tí Amaro ti kú, n ò rí ẹni bá mi di ìkángun kejì mú."
Ló bá ń kọ́ wa. Ẹ fà á kó le.
Ẹ pàdé láàárín, kí ọ̀kan gba etí tí ìkejì mú.
Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún fà á.
"Ẹ má wo aṣọ," ó ní, "ẹ wo ojú ẹni tó wà lọ́hùn-ún."

Mo wò ó. Iyanrìn wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ̀ pé ojú òsì rẹ̀ kéré díẹ̀ sí tọ̀tún.
Nígbà tí a pàdé lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ sí mi létí:
"Òpó yẹn, mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.
Mo rò pé tí mo bá wí i, o ò ní í tẹ̀ lé mi."

Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la ká.
Dorinda fún wa ní ọsàn méjì, ó wọ inú òjò lọ, kò wẹ̀yìn.

Inú ọkọ̀ la sùn, búrẹ́dì tó ti rin láàárín wa.
Láàárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ gaara, erékùṣù jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀.
Ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè.
Breixo la ojú òsì, èyí tó kéré,
ó tún un dì.
Èmi náà ò jí i.