Ẹni Iyọ̀ Bá Pa

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
aago mẹ́jọ kì í lù bá wa níta.
Èmi àti Mùfútáù àbúrò mi,
tàdáwà ṣì wà lábẹ́ èékánná wa
láti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́yìn Bájùláyé,
a ó ti sáré wọ yàrá Ìyá Sikírá,
ká lè ríbi jókòó sí létí bẹ́ẹ̀dì,
níwájú tẹlifíṣọ̀n tí apá kan rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn.

Ààfin Abẹ́ Ọ̀sà. Ẹ má bi mí kí ni mo rí níbẹ̀.
Mo rí ìlú kan nísàlẹ̀ omi wa yìí gan-an,
lábẹ́ Afárá Kẹta, níbi tí a rò pé ẹrẹ̀ nìkan ló wà.
Ìkarawun ni ilé wọn, ẹja ló ń ṣọ́ bodè.
Mo rí Omítóògùn, ọmọ apẹja tó já somi
tí kò kú, tó wá ń dájọ́ fún ìgbì.
Òfin kan ni ìlú náà ní, ẹyọ kan péré:
ẹni iyọ̀ bá pa kì í padà wálé.

Òfin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.
Òun ló jẹ́ kí idà wúwo,
tí ìlẹ̀kùn á dún, tí àyà wa á já.
Lọ́dún kẹrin tí iyọ̀ mú Jagunlabí ní bodè,
tó rọ bí ewé tí a rà níná,
Ìyá Sikírá pa tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó jẹun.
Bàbá onílé gan-an, òǹrorò tí kì í kí èèyàn,
dá mi dúró láàárọ̀: "Ṣé ó kú lóòótọ́?"
Mo ní, "Ó kú, Bàbá."
Ó ṣí fìlà.

Mùfútáù ti kọ bí yóò ṣe parí
sára àjákù ìwé tí ẹ̀rọ gé kù:
Omítóògùn á gòkè, á dé èbúté,
ìyá rẹ̀ kò ní dá a mọ̀,
á ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, á sì san owó pé.
Ó fi pínnì dì í, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́dún keje, ẹ̀dọ̀ dá a dúbúlẹ̀.
Ní wọ́ọ̀dù, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ:
"Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?"
Mo ń rò ó fún un, mo ń fọwọ́ ṣe ìgbì.
A sin ín sí Àtàn, ọjọ́ Ẹtì ni.
Aago mẹ́jọ lù. Mo wò ó.
Ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Láti ọdún kẹjọ ni ọwọ́ ti yí nínú ọbẹ̀.
Ẹja tó ń ṣọ́ bodè di aláwàdà.
Ọmọ ọba kan yọ, a ò mọ ìyá, a ò mọ bàbá,
ó ń fò bí ẹyẹ, lábẹ́ omi!
Mo gbé e mì. Mo ní bóyá wọ́n ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Àfi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí Jagunlabí wọlé,
irùngbọ̀n tuntun, eyín funfun bí ẹfun.
Wọ́n ní iyọ̀ ìjọ́sí kì í ṣe ojúlówó.
Ayédèrú ni.
Àwọn ọmọ Sikírá hó yèè, wọ́n ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́, mi ò mọ ilé yín.
Ẹkún tí a sun lọ́dún kẹrin, ta ni yóò dá a padà?
Fìlà tí bàbá arúgbó ṣí ńkọ́?
Ilẹ̀kùn wo lẹ sì gbà mú un jáde?
Ẹ júwe rẹ̀ fún mi dáadáa.
Mo ní ẹnìkan ní Àtàn.

Mi ò wò ó mọ́. Mo ti búra.
Láàárọ̀ Sátidé yìí, nídìí ẹ̀rọ omi,
mo bá ọmọ Sikírá tó ń pọn kẹ́ẹ̀gì.
Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là:
"Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?"
Ó wò mí, ó nu imú.
Ó ní, "Wọ́n múná lọ."