Ẹfun Lórí Òwú

Ní Lówẹ̀lì, létí odò Mẹ́rímáàkì,
lábẹ́ ilé ńlá tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dákẹ́ sí,
a kì í fọwọ́ kan aṣọ àtijọ́.
Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé,
bí arúgbó tí wọn ò fẹ́ kí òtútù mú.

Odẹ́ẹ̀tì ló ka òwú rẹ̀ lábẹ́ awò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
oṣù mẹ́ta gbáko, ó sì hun ìkejì rẹ̀.
Èmi da rọ́bà olómi lé ìkejì yẹn,
mo bó o lọ́jọ́ kejì bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀,
mo wá po ẹfun kí ó ki bí ògì tí kò tíì jinná.
Mo gbá ìdí àwo náà, pẹ́pẹ́pẹ́,
kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.
Bó ti ń dì ló ń gbóná,
bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Èyí tòní, apá ẹ̀wù ọmọdé kan ni.
Aṣọ líle. Ìlú yìí ló hun ún,
ó fi ránṣẹ́ sí gúúsù, sára àwọn tó ń ká òwú lábẹ́ pàṣán.
Òwú wá síbí, ó di aṣọ, ó padà bá ẹni tó ká a.
Mélòó ni wọ́n san fún un?

Wọ́n ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ.
Ìyá mi àgbà hun kíjìpá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀,
n ò rí ọ̀lẹ kankan nílé wa.

Níbi ìgúnpá, ihò kan wà tí ẹnìkan rán pa.
Abẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀meje,
gbogbo rẹ̀ dà sí apá ibi tí kò yẹ kó dà sí.
Mo yí ẹfun náà síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún
kó tó yé mi: ọlọ́wọ́ òsì ni.
Ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ò sọ bẹ́ẹ̀.
Kò sọ orúkọ ìyá kankan.

Ní Tọ́sìdeè, Ìyáàfin Áfẹ́là wá,
ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá.
Ó fi ìka tọ òwú lọ, ó dé ìgúnpá, ó dúró.
A rò pé yóò béèrè nǹkan.
“Ó kánjú,” ló wí. “Ọmọ náà ń dúró, òtútù sì ń mú un.”

Ẹfun ò di àwọ̀ mú, kò di òórùn mú.
Odẹ́ẹ̀tì lọ gbé omi kaná.
Èmi ń ha funfun kúrò léèékánná mi,
ti ọwọ́ òsì ni mo kọ́kọ́ ha.