Lẹ́tà Abẹ́ Ìjókòó

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Odò Sabor ṣì fi ìkùukùu bora,
kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.
Mo gun kẹ̀kẹ́ dé orí afárá olókùúta àwọn ará Róòmù,
ẹrù méjì lẹ́yìn, ẹrù kan níwájú,
àgọ́, ìkòkò, àti àwòrán ilẹ̀ Potogí
tí òjò àná ti rin gbìndìn gbìndìn,
tí òkè àti àfonífojì fi wọnú ara wọn bí ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti kọjá mi.
Kì í ṣe ọmọdé o. Irun rẹ̀ funfun báláú,
yẹ̀rì dúdú, ìbọ̀sẹ̀ olówùú,
kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ tó ń ké bí ewúrẹ́.
Ó kí mi, kò dúró.
Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ń jẹ ápù.

Òkè yẹn kì í ṣe òkè tí à ń fojú rénà.
Bí o bá rò pé orí rẹ̀ lo dé yìí, èjìká lásán ni.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀ kalẹ̀,
tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti màlúù tí kò fẹ́ relé.

Nídìí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹyẹ àkọ̀ kọ́lé sí ṣóńṣó rẹ̀
mo bá a níjokòó, ó ń dúró dè mí.
Ó gé búrẹ́dì, ó gé wàràkàṣì,
ó fi ẹnu ọ̀bẹ gbé e fún mi.
Deolinda lorúkọ rẹ̀. Belmiro ọkọ rẹ̀
ló fi kẹ̀kẹ́ yìí pín lẹ́tà ní abúlé mẹ́sàn-án
kí orúnkún tó kọ̀ fún un, kí ọlọ́jọ́ tó dé.
Lóṣù tó kọjá, ó ń nu àpò awọ abẹ́ ìjókòó,
ọwọ́ rẹ̀ ba ìwé kan tó há sínú ìtẹ́nú rẹ̀:
Senhor Aníbal Quintela, Vale de Corvos.
Ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

“Belmiro kò jẹ gbèsè rí,” ló wí.
“Iṣẹ́ tí wọ́n rán an, dandan ni kó jẹ́ ẹ.”

A jọ gùn lọ. Mo ṣe bí ẹni ń ṣọ́ ọ; òun ló ń ṣọ́ mi.
Àgbọ̀n ló fi ń júwe:
Ilé olódi yẹn, ọba kan sùn níbẹ̀, kò san owó oúnjẹ.
Ilé yìí, ti ẹ̀gbọ́n mi; ó wà ní Faransé.
Ìyẹn, wọ́n tì í. Ìyẹn náà, wọ́n tì í.
Ibí ni Belmiro ti ṣubú lọ́jọ́ yìnyín,
eyín rẹ̀ kán, àpò lẹ́tà kò fọwọ́ kanlẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ lọ sí àfonífojì, búréèkì mi ń rùn.
Òun kò tẹ tirẹ̀ rárá.
Mo lanu láti pè é, mo gbé kòkòrò mì.

Vale de Corvos: ènìyàn méje, ajá mẹ́rin, ẹ̀rọ omi kan.
Senhor Aníbal wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.
Ó gba lẹ́tà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn,
ó ní ojú òun kò ríran mọ́, kí Deolinda kà á.
“Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣì jẹ wá lówó bàtà aláwọ kan.
Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí.”
Ṣọ́ọ̀bù náà ti di báǹkì;
báǹkì náà ti di ilẹ̀kùn tí aláǹtakùn ń ṣọ́.

Kẹ́kẹ́ pa.
Bàbá rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta.
Bàtà náà ló wọ̀.
Ó ní òun ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin,
awọ òkè ni kò tíì mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ.
Ẹ̀rín gbé e, ó di ikọ́, ikọ́ tún padà di ẹ̀rín.

Deolinda kò rẹ́rìn-ín. Ó fa pẹ́ńsù yọ,
ó ní kó fọwọ́ sí i pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.
Ó wo ìbuwọ́lù náà títí,
ó ká a, ó dá a padà sínú àpò awọ.

Mo béèrè bóyá a ó sinmi díẹ̀.
Ó ti kọ́ kọ́nà àkọ́kọ́ lókè lọ́hùn-ún,
kẹ̀kẹ́ Belmiro ń ké
bí ewúrẹ́ tó gbúròó ilé.