Okùn

Tísà Fápohùndà fi ṣọ́ọ̀kì ya òbírí sí pátákó
ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, n'Íléṣà, lọ́jọ́ tí òjò ń lu páànù,
ó fa ìlà kan láti etí dé etí:
“Okùn nìyí.”
A bú sẹ́rìn-ín. Okùn tí kò lè so ewúrẹ́?
Okùn tí a ò lè fi fa omi kànga?

Mo dàgbà, mo di agbẹ̀bí.
Ọwọ́ mi yìí ló ń di ìwọ́ ọmọ tuntun,
ìdì méjì, kí abẹ tó gba àárín wọn.
Iye tí mo ti gé, n kò kà á.

Ibídàpọ̀ àbúrò mi, onígìtá,
á fi ìka mẹ́ta tẹ okùn mẹ́ta,
ohùn wọn á jáde bí ẹni pé ẹnu kan ni.
Bí ọ̀kan bá tú, á ṣépè, á tún un fà.

Bàbá wa ńkọ́?
Ogún ọdún ní Jọ́ọ̀sì, ó wá dé lánàá.
Dókítà ní okùn ohùn rẹ̀ ti wú.
Kò lè pe orúkọ wa.
Ó di ọwọ́ mi mú; okun ti tán nínú ìka rẹ̀.

Okùn, okun: àmì kan péré ló là wọ́n.

Lóru ni mo rántí ohun tí Tísà sọ
nígbà tí agogo ti lù, tí a ti ń palẹ̀ ìwé mọ́:
kò dìgbà tó bá gba àárín òbírí kọjá;
bó bá ti fara kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
okùn ni.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, ó wà níbẹ̀.
Alẹ́ yìí, ó wà níbí.