Dúró Díẹ̀ Níbí

Òkun ti di yìnyín ní Haapsalu.
Heldur wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn,
ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún,
ó jókòó ti ẹ̀rọ kan tó dàgbà ju ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ.
Fáànù inú rẹ̀ ń han-an-run bí arúgbó tó sùn sórí àga.

Iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì inú rẹ̀ ti kógbá sílé.
Àwọn tó mọ àṣírí rẹ̀ ti tú ká:
òmíràn ń sin oyin, òmíràn ti wọlẹ̀.
Ìwé ìtọ́nisọ́nà ńkọ́? Ojú ewé mẹ́ta péré ló rí,
àwòrán ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín ló gba ìkẹta.

Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ohun tó ń kọ.
Kò wa ọkọ̀, kò mọ títì.
Ògbufọ̀ ni, tó dúró láàárín ekuro àti irin,
tó ń sọ fún èkíní ohun tí èkejì ń kùn.
Ekuro ni alábàákú ẹ̀wà, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ekuro inú ẹ̀rọ yìí
kò tí ì bá káàdì yìí pàdé rí,
wọn ò gbọ́ èdè ara wọn.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú iná ojú irin.
Ó mọ bí a ṣe ń bi wáyà léèrè:
fọwọ́ kàn án, dúró, wo ohun tó máa ṣe.
Wọ́n hú irin náà. Reluwé ò wá mọ́.
Pèpéle gígùn ló kù, tí àwọn ẹyẹ òkun ń rìn lórí rẹ̀
bí èrò tó sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù.
Ó wá kó sùúrù rẹ̀ wọ yàrá yìí.

Ẹ̀rọ náà ń ka iye ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún,
iye tí àwa kì í dé tààrà:
a ó kọ́kọ́ fojú sí ogún, ká tó fà sẹ́yìn níṣìísẹ̀ mẹ́rin.
Heldur náà ń rìn bẹ́ẹ̀,
á kọjá ibi tó ń lọ kó tó mọ̀ pé òun ti dé.

Ó fi ení sí ihò kan. Káàdì dákẹ́.
Ó fi òdo sí i. Iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú.
Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀: "Ó ṣẹ́jú."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbólóhùn kan.

Leelo, ọmọbìnrin ilé-ìkàwé, gbé búrẹ́dì dúdú wá.
"Ta ni yóò lò ó?"
Ó ronú. "Nélida."
Nélida wà ní Paysandú, níbi tí ooru ti ń mú lóṣù yìí,
irú ẹ̀rọ yìí ló fi ń wọn àgbàdo. Wọn ò ríra rí.
"Àti ta tún ni?"
"Nélida náà ni."

Nínú kóòdù àtijọ́ tó jogún,
ẹnì kan tó fọwọ́ sí i ní V., tí kò sẹ́ni tó rántí,
fi ìlà kan sílẹ̀:
Dúró díẹ̀ níbí. Mi ò mọ ìdí. Má yọ ọ́.
Heldur rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ́.
Káàdì sùn fọnfọn.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá ìdí. Ó wọn iná, ó tú ìdè,
ó bú irin lédè Estonia, ó bú u lédè Rọ́ṣíà.
Kò rí ìdí kankan.
Ó dá a padà.

Iná ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.
Ọ̀rọ̀ kan gba inú wáyà lọ sí ẹ̀rọ kejì lẹ́bàá fèrèsé,
ìdáhùn sì dé kó tó mí síta.
Kò pariwo. Ó lọ gbé omi kaná.

Lówùúrọ̀, Nélida kọ̀wé:
"Tèmi ò jí. B ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà ara tèmi."

Ó tún jókòó. Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀,
ó padà sí ìlà V., ó fi tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀:
Mo yọ ọ́ wò. Òótọ́ ló sọ.
Èmi náà ò mọ ìdí.