Asẹ́yanrìn

Ẹja ọwọ́ mi kò gùn ju ìka àárín lọ,
funfun, àmì pupa rúsúrúsú tò sí i lára.
Láti ìdájí ló ti ń jẹ iyanrìn:
á bù ú sẹ́nu, á dúró bí ẹni ń rò ó wò,
á tú u dànù gba ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì,
iyanrìn á máa já bọ́ bí èlùbọ́ lójú asẹ́.

Yàrá kan ni mo gbà ní Èbúté Mẹ́ta,
àpótí dígí ló gba ìdajì rẹ̀.
Mufútáù, tí a jọ ń pín owó iná san, ní:
"Ẹja tí o kò ní sè,
lo ń ra iyọ̀ fún, lo ń ra bátìrì fún?"
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Bàbá mi wa iyanrìn ní ọ̀sà Bàrígà.
Á gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, garawa lọ́wọ́, á rì.
Èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ, nínú ọkọ̀, mo ń kà:
ogójì, orí rẹ̀ á yọ.
Nígbà mìíràn mo ka àádọ́ta, ẹnu mi á gbẹ.
Omi á máa ṣàn ní etí rẹ̀, àti iyanrìn.
Ilé alájà mẹ́rin jáde láti inú garawa yẹn.
A kò gbé inú ọ̀kankan rí.

Ní oṣù kẹta, ikùn ẹja náà wọlé sẹ́yìn.
Iyanrìn mọ́ tónítóní,
mo ti ń fi yangàn, mo ń pe àlejò wá wò ó.
Àṣé mímọ́ yẹn gan-an ni ebi!
Ó ti ṣa gbogbo kòkòrò bíńtínbíńtín inú rẹ̀ jẹ tán,
síbẹ̀ ó ń bù, ó ń tú,
ó ń bù, ó ń tú,
kò mọ iṣẹ́ mìíràn.
Mo wá ń gé edé wẹ́wẹ́,
mo ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rì í mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀,
kó lè rò pé òun ló wá a rí.

Lóru àná wọ́n mú iná lọ.
Bátìrì gbìyànjú dé aago mẹ́ta, ó dákẹ́.
Mo ń fi ife bu omi, mo ń dà á padà láti òkè
kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́.
Mi ò rí ẹja.
Nẹ́ẹ̀tì tí mo fi bo àpótí ti yẹ̀ ní igun kan;
mo fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, bóyá ó ti fò jáde.
Ilẹ̀ gbẹ.
Mo gbé ojú lé dígí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.
Ogójì.
Àádọ́ta.
Mo ti dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta
kí iyanrìn tó mì.